Kí Ẹ Tó Kọ Orúkọ Làmídì Sára Ògiri

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fa ẹní yẹn sún mọ́ ojú fèrèsé, ooru ti pọ̀ jù níbi tí ẹ wà yẹn. Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín. Ẹ ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí ti parí gbọ̀ngàn ìkọ́ṣẹ́ ní Rumuola. Ẹ ní Alájì Làmídì ló gbé irin àti sìmẹ́ǹtì kalẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kọ gàdàgbà sára ògiri, pé ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i gan-an ni ẹ óò sì wé láwàní oyè Bàbá Àdínì fún un. Ẹ wá ní kí èmi tí mo bá a kọ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ rírọ dìde lọ́jọ́ náà, kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn, kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì ṣàmín.

Alhamdulilahi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá ẹ̀mí mi sí tí mo fi rí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ dé etí mi, ìbínú náà kò sì tíì rọlẹ̀. Ayé àtijọ́ tí ẹ ní kí n sọ, n óò sọ ọ́ fún ẹ̀yin níbí. Bí mo bá pẹ́ lójú kan, ẹ fara dà á. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni wọ́n gbé mi láti Ìbàdàn wá sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìlú yìí, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Ìwó ni mí. Ilé kéwú ni mo ti mọ̀wé kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àáfà wa ló sì kọ́ mi pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ ṣe, kó ṣe é dáadáa, títí kan ẹran pípa. Rumuigbo ni mo gba yàrá sí. Iléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, ọ̀bẹ tí a yá kò mú. Ẹ má jẹ́ kí n sọ bí àgbò yẹn ṣe jìyà. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn èèyàn, wọ́n sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló ń pa mí lẹ́kún. Ojú ló ń tì mí.

Mo wá ń bèèrè kiri ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ gidi. Ìyá kan tó ń ta ẹja ló júwe Borokiri fún mi, ó ní kí n béèrè Pa Tamuno létí omi. Ará Okrika ni Pa Tamuno, arúgbó kúkúrú kan tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe nígbà èwe rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ra ọ̀bẹ Iléyá. Ó ní òun kò tíì rí bí a ṣe ń pa ẹran Iléyá rí, òun kì í sì í rọ ọ̀bẹ fún iṣẹ́ tí òun kò mọ̀. Ó ní èmi tí mo mọ iṣẹ́ náà ni kí n wá rọ ọ́. Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nígbà tí ewú ti ń yọ lórí mi, tí mo ń lọ sí Borokiri ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin kò lè mọ bí àgbẹ̀dẹ yẹn ṣe rí. Páànù ló fi bo orí, ìkarahun ìsáwùrú ló fi tẹ́ ilẹ̀, tó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àjákù ojú irin rélùwéè ni owú tí a ń lu iṣẹ́ lé. Àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ná. Epo pupa tó ti pẹ́ nílẹ̀ la fi ń rẹ ọ̀bẹ, bí irin pípọ́n bá sì ti wọ inú rẹ̀, òórùn á sọ bí ẹni ń dín àkàrà. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi á yà wá béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

Kò sí irin tuntun níbẹ̀. Síprìn abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ayùn tó ti kán ní ọ̀dọ̀ onígẹdú, fáìlì tí eyín rẹ̀ ti tán, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn pè ní kọ̀ǹdẹ́mù, òun là ń ṣà bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Pa á so irin náà rọ̀, á fi òòlù kàn án, á sì dẹtí. Irin tó lè mú a máa dún bí agogo. Irin tí kò lè mú a máa dún bí ìgbà tí èèyàn gbá àpò gààrí. Lóṣù ààwẹ̀, Pa kì í jẹ́ kí n dúró ti iná. Ó máa ń gbé fáìlì fún mi pé kí n lọ jókòó lábẹ́ òjìji, òun fúnra rẹ̀ á sì lọ mu omi lẹ́yìn páànù níbi tí n kò ti ní rí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo mú Làmídì lọ. Ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa: èmi ni mo mú un lọ. Ọmọ Ìkìrun ni, wẹ́dà ni nígbà náà, a jọ ń kírun ní Rumuigbo, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ohun tí mo fi odindi Sátidé lù, Làmídì á ti lù ú tán kí ìrun Àsárì tó tó. Ìkánjú rẹ̀ nìkan ni Pa ń bá a wí.

Ọ̀bẹ tí mo kọ́kọ́ rọ, ẹ rẹ́rìn-ín bí ó bá wù yín. Mo rí irin pẹlẹbẹ kan tó dán lẹ́yìn ilé mi, irin ojú fèrèsé ni, mo sì gbé e lọ láìjẹ́ kí Pa gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo rọ ọ́, mo pọ́n ọn, mo fi igi dáadáa ṣe èèkù fún un. Ó rẹwà. Mo gbé e lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ sì tẹ̀ kọdọrọ títí imú rẹ̀ fi kan tábìlì. Ìyá kan tó wá gba ọ̀bẹ ẹja tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Yoruba man, even your knife dey prostrate." Làmídì ní ó kù díẹ̀ kí ọ̀bẹ náà sọ pé ẹ káàárọ̀, sà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Prostrate don come."

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí n kò rí níbòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ọ̀bẹ, ohun kan ṣoṣo ni Pa á bi í: "Wetin e go cut?" Kì í ṣe ìdáhùn ẹnu ló ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá wá gba ọ̀bẹ, o gbọ́dọ̀ gbé ohun tí yóò gé dání, o óò gé e níwájú gbogbo wa, a óò sì jọ jẹ ẹ́. Ẹlẹ́ja á gbé ẹja wá. Ẹni tó fẹ́ ti iṣu á gbé iṣu wá. Ọkùnrin kan tó ń rán bàtà gbé awọ wá. Nígbà tó gé e tán, ó wo ojú wa, ó sì lọ ra búrẹ́dì tì í.

Nígbà tí ọ̀bẹ Iléyá mi wá jọ ọ̀bẹ, Pa bi èmi náà. Mo ní àgbò ni. Ó ní kí n gbé e wá. Ẹ mọ̀ pé a kì í pa ẹran Iléyá kí a tó kírun, nítorí náà, bí a ṣe ti Yídì dé ni mo wọ́ àgbò wọ bọ́ọ̀sì láti Rumuigbo. Kọ̀ńdọ́tọ̀ ní kí àgbò lọ jókòó sẹ́yìn. Obìnrin kan ní òun kò lè jókòó ti ẹni tí kò wẹ̀. Létí omi ní Borokiri, mo ṣe bísímílà, ọ̀bẹ sì kọjá bí ìgbà tí èèyàn fa okùn nínú omi. Àgbò náà kò jà. Mo wólẹ̀ fún Ọlọ́hun lórí ìkarahun ìsáwùrú, iwájú orí mi bó, n kò sì mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí jẹ nínú ẹran Iléyá mi, wọ́n sì fi èdè tí n kò gbọ́ kọrin kí mi.

Ẹ wá wo ti òde òní. Wọ́n ń na ọ̀bẹ sí yín lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Aba Road, odindi ìdì nínú ọ̀rá kan, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Ẹni tó rọ ọ́ kò mọ ẹni tó tà á, ẹni tó tà á kò mọ ẹni tó rà á, ọ̀bẹ wọ ilé bí àlejò tí kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ẹ̀ ń sọ fún mi pé àgbẹ̀dẹ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Èéfín wa kò ré kọjá òrùlé wa. Ta ló ń tú èéfín epo rọ̀bì tó ń sọ ihò imú àwọn ọmọ yín di dúdú bí wọ́n bá jí láàárọ̀? Ẹ kò lè bá àwọn yẹn wí, àgbẹ̀dẹ ni ẹ rí bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìlú gbóná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń já etí omi gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ kan, díẹ̀ nínú wọn gbé síprìn ọkọ̀ wá sí àgbẹ̀dẹ ní ọ̀sán gangan. Ọ̀bẹ gígùn olójú méjì ni wọ́n fẹ́. Pa bi wọ́n bó ṣe ń bi gbogbo ayé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tó ṣe bí ọ̀gá wọn ní iṣu ni yóò gé. Pa ní kó gbé iṣu náà wá, kí a jọ sè é. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Pa fi ẹsẹ̀ ti síprìn wọn padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní iná òun kò mọ irú iṣẹ́ yẹn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wo páànù, wọ́n wo owú, wọ́n wá wo ojú àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò yé nínú wa pé wọ́n lè padà wá wó ibẹ̀. Gbogbo ohun tí Pa ní láyé ló sì wà lábẹ́ páànù yẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bá lọ sílé ni Làmídì ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Pa.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ẹni tó ta okùn, ṣé òun ló so ẹnì kan rọ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó ń ta okùn kì í bá wọn wọn ọrùn. Ìwọ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe."

"Ẹ máa ṣe àáfà yín lọ. Ìyàwó mi lóyún."

Mo ní ìyàwó tèmi náà ti lóyún rí, a kò sì torí ẹ̀ rọ ohun tí yóò pa ọmọ ẹlòmíràn.

Ó rọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti rọ ọ́, ẹ̀mú tí Pa fún un ló sì fi dì í mú. Ìkánjú tí Pa ń bá a wí bá a débẹ̀. Síprìn ọkọ̀ ń fẹ́ sùúrù. Inú epo là ń rẹ ẹ́ sí, lẹ́yìn náà a óò tún dá a padà sẹ́bàá iná kí líle rẹ̀ lè dín kù. Làmídì tì í bọ omi tútù, ó pọ́n ọn, ó gbé e fún wọn. Ọ̀bẹ tó bá le kọjá ààlà, bí àwo ló ń fọ́. Níbi tí wọ́n ti ń jà ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà ti ṣẹ́ mọ́ ọmọkùnrin kan lọ́wọ́, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ṣe é léṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbá Làmídì mú. Ó ní òun kọ́ ló rẹ ẹ́. Ó ní Pa Tamuno ni.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí: mo wà ní Borokiri nígbà tí wọ́n dé, fáìlì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ju àjákù ọ̀bẹ náà síwájú Pa, wọ́n ní, "Your boy Lamidi say na you put am for water." Pa mú un, ó wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Èmi náà rí i. Ó rí wóró-wóró bí iyọ̀. Irin tí Pa bá rẹ, bó tilẹ̀ ṣẹ́, inú rẹ̀ a máa kúnná bí eérú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun kọ́, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Ó wò mí, irú ìwò tí bàbá ń wo ọmọ níwájú àlejò, ẹnu mi sì padé.

Ó ní, "Na for my shop im learn am."

Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí owú, wọ́n sì fi òòlù rẹ̀ lù ú. Àwọn kan di èmi mú lápá méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n wó páànù, wọ́n da epo nù, wọ́n yí owú títí wọ́n fi tì í sómi. Ẹlẹ́ja tó wà nítòsí bo ojú rẹ̀.

Ní ọsibítù ni mo ti bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ pé òun kọ́, ta ni mo rò pé wọ́n máa lọ bá láti ibẹ̀? Ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó Làmídì lóyún. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Kristẹni ni Pa, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò mọ ìrun, kò mọ ààwẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ka kéwú, n kò tíì rí ẹni tó ṣe ohun tí mo kà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ náà kò gbé òòlù mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi wá gbé e lọ sí abúlé wọn lódìkejì omi. Mo ń lọ wò ó níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí ìgbà tí mo lọ tí kì í béèrè Làmídì: ṣé ìyàwó rẹ̀ ti bí, kí ló bí, ṣé ọmọ ti ń rìn? Làmídì kò lọ rí. Kò lọ kí i, kò sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà fún Làmídì. Ó ń kó ọ̀bẹ wọ̀lú láti òkè òkun, ó sì ní àgbàlá ńlá tí wọ́n ń kó àlòkù irin jọ sí. Ẹ̀yin náà rí i bí ìdérí gọ́tà àti irin ẹ̀gbẹ́ afárá ṣe ń pòórá nílùú yìí, tí ọmọ èèyàn ń já sí kòtò. N kò sọ pé Làmídì ra ti olè. N kò rí i, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ti rí ohun tí irọ́ ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irin tí à ń ṣà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tí à ń dẹtí sí, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá a báyìí bí ẹni gbá ìdọ̀tí.

Ó wá sí ilé yìí ní Jímọ̀ tó kọjá. Ibi tí ìwọ tí o dé fìlà funfun yẹn jókòó sí ló jókòó sí. Ó ní òun gbọ́ pé n kò tíì gbà láti sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n sọ nípa Pa. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

"Lọ́wọ́ Pa ńkọ́?"

"Pa ti kú."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kú."

Ó ní ojú wọn ń ba òun lẹ́rù. Òtítọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún mi láti ọdún náà wá nìyẹn, àánú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Àfi bó ṣe tún ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe ará ilé wa ba ayẹyẹ Yorùbá jẹ́. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ará ilé wa. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹ̀mí Làmídì padà, ṣé ará ilé wa ni?

Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Èyí tó ṣe mí, mo ti fi jì í. Mo ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi, Ọlọ́hun gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àáfà yín: ẹ̀tọ́ ẹnìkejì, ṣé ẹlòmíràn lè bá a fi jini? Ọwọ́ tí wọ́n fọ́ kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹ sì fẹ́ kó àwọn ọmọ sínú gbọ̀ngàn yẹn láti kọ́ṣẹ́. Kí ni ẹ óò sọ fún wọn pé orúkọ ara ògiri náà ṣe?

Ẹ padà lọ sọ fún àwọn tó rán yín pé kí wọ́n jẹ́ kí ògiri náà wà ní funfun. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ mi, mo wà nílé. Ẹ sì sọ fún Làmídì pé bó bá sọdá omi, tó jókòó níwájú àwọn ọmọ Pa Tamuno, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n bú u, kí wọ́n lé e, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tó bá dé, èmi tí orúnkún ń dùn yìí ni n óò wá fi ọwọ́ mi wé láwàní náà fún un. Ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Borokiri láàárọ̀, ó tún ń gbéra nírọ̀lẹ́. Kò jìnnà.